Páálí fíìmù Sembène wà lọ́jà, ti Ọ̀gúńdé dà?

Lọ́dún 2024, ilé iṣẹ́ Criterion ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbé fíìmù àtijọ́ jáde lórí díìsìkì, kó fíìmù mẹ́ta tí Ousmane Sembène, bàbá ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà yẹn, ṣe sínú páálí díìsìkì kan: Emitaï ti 1971, Xala ti 1975, àti Ceddo ti 1977. Wọ́n ti fọ àwòrán ẹ̀ mọ́, ohùn ẹ̀ ń já gaara, wọ́n kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fún ẹni tí ò gbọ́ Wolof. Kó tó dìgbà yẹn wọ́n ti gbé La Noire de... tó ṣe ní 1966 jáde, wọ́n sì ti gbé Mandabi ti 1968 jáde. Àwọn kan náà ló ń bá Martin Scorsese, dírẹ́kítọ̀ Amẹ́ríkà yẹn, kó àwọn fíìmù tí ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé jọ láti 2013. Páálí mẹ́rin àkọ́kọ́, mẹ́fà mẹ́fà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fíìmù 24 ni. Mo ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Touki Bouki ti Sẹ̀nẹ̀gà wà ńbẹ̀, Trances ti Mòrókò wà ńbẹ̀, Soleil Ô tí Med Hondo ọmọ Moritéńíà ṣe wà ńbẹ̀, Sambizanga tó sọ ìtàn Àǹgólà, Muna Moto ti Kamẹrúùnù. Ti Nàìjíríà ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan.

Tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ láàárín àwa tá a fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ ní Àkúrẹ́ níbí, ìdáhùn méjì ló máa ń yára jáde: ẹnìkan á ní ìjọba ni, ẹlòmíì á ní òyìnbó ò ka tiwa sí. Èmi ò sọ pé irọ́ ni o, àmọ́ ìdáhùn ọ̀lẹ ni méjèèjì. Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà náà kọ́ ló ṣe páálí Sembène, òyìnbó tó sì lè jókòó wo Ceddo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ló fẹ́ jẹ́ kó kọ Aiyé, fíìmù Ọ̀gúńdé? Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe páálí yẹn, ta ló ní in lọ́wọ́, àti ibo ló wà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀. Fíìmù ayé ìgbà yẹn, lórí ṣẹ́lúlọ́ìdì, téèpù ike gígùn yẹn, ni wọ́n ti ń yà á, kò sí mẹ́mórì kàdì. Èyí tó kọ́kọ́ jáde láti inú kámẹ́rà ni négátíìfù, òun ni ìyá, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ àwọn kọ́pì tí wọ́n ń gbé lọ sí sinimá. Tẹ́nìkan bá fẹ́ gbé fíìmù bẹ́ẹ̀ jáde lónìí pẹ̀lú àwòrán tó dáa, á wá négátíìfù yẹn lọ, tí ò bá rí i, á wá kọ́pì tó bá ṣì sàn jù, á fọ ìdọ̀tí ara ẹ̀, á fọwọ́ lẹ ibi tó ti ya, á wá kó o sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi hàn pé fíìmù tó gba wákàtí kan ààbọ̀ jẹ́ àwòrán 129,600. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó tún àwọ̀ ṣe, tí wọ́n á tún ohùn ṣe. Yàtọ̀ síyẹn, ìwé gbọ́dọ̀ wà, ìwé tó sọ pé lágbájá ló ni fíìmù, òun ló lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tà á. Owó nìkan ò lè ṣe é, torí tí o bá ní bílíọ̀nù tí o ò rí négátíìfù, tí o ò rí ẹni tó máa fọwọ́ síwèé, o kàn lówó lásán ni.

Wá wo bí àwọn tiwa ṣe ṣe fíìmù. Lọ́dún 1976 ni Àjàní Ògún jáde, Ọlá Balógun ló darí ẹ̀, Adé Love ló ṣe aṣáájú eré, Dúró Ládiípọ̀ náà wà nínú ẹ̀, òun sì ni gbogbo èèyàn gbà pé ó jẹ́ fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ìjà Òmìnira ló tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n yọ látinú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, táwa kan kà nílé ìwé. Ọ̀gúńdé wọlé pẹ̀lú Aiyé, ó ṣe Jáiyésinmi, ó ṣe Àrópin N'tènìyàn, ó ṣe Àyànmọ́, fíìmù mẹ́rin ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn kó tó kú ní 1990. Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Yàtọ̀ sí Balógun, gbogbo àwọn wọ̀nyí, eléré tíátà ni wọ́n kí wọ́n tó di onífíìmù, ọgbọ́n tíátà ni wọ́n sì mú wọ inú fíìmù. Owó ara wọn ni wọ́n ń ná, owó ìyá, owó ẹ̀gbọ́n, gbèsè báńkì. Kọ́pì kan tàbí méjì ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á gbé e sínú mọ́tò pẹ̀lú pùrójẹ́kítọ̀, wọ́n á máa kiri ìlú: gbọ̀ngàn ìlú, hòtẹ́ẹ̀lì, họ́ọ̀lù ilé ìwé. Àwọn àgbà tó wà ní Òkè Àró lónìí ṣì lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹlẹbẹ nígbà tí àjẹ́ inú fíìmù Ọ̀gúńdé fẹ́ jáde sí wọn lára ògiri. Ẹni tó ni fíìmù fúnra ẹ̀, tàbí ọmọ ẹ̀, tàbí ìyàwó ẹ̀, ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ti fi hàn tán, wọ́n ká a, wọ́n gbé e padà sínú mọ́tò, ó di ìlú kejì.

Kí ló fà á tí wọn ò fi lè fi kọ́pì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ̀rù olè ni, ẹ̀rù yẹn ò sì jẹ́ ẹ̀rù lásán, torí wọ́n jí Ọ̀run Móoru ṣe àdàkọ, fídíò ẹ̀ sì ti wà níta kí bàbá tó rí owó tó ná lórí ẹ̀ dá padà. Gbèsè fíìmù yẹn ló ba Bàbá Sàlá jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, àwọn tó sì ń ra fídíò náà lọ́jà, àwọn kan náà tó ń rẹ́rìn-ín sí i ni. Ọdún 2018 ni bàbá kú. Ohun tó mú wọn fi fíìmù pamọ́ nìyẹn, ìpamọ́ yẹn náà ló sì wá pa púpọ̀ nínú wọn.

Torí ṣẹ́lúlọ́ìdì kì í ṣe ohun téèyàn ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ásítéètì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, tí ooru àti ọ̀rinrin bá sì bá a, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra ẹ̀, á máa rùn bí ọtí kíkan, á sún kì, á lọ́, á wá le débi pé kò ní ṣeé ká mọ́. Èyí tó bá ti ń rùn, á tún ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ náà máa ń ṣí lọ, búlúù àti gíríìnì á kọ́kọ́ sá, gbogbo ẹ̀ á wá pupa. Yàrá tútù tó gbẹ ló ń fẹ́, lójoojúmọ́, lọ́dọọdún, kódà ní ọjọ́ tí iná ò bá sí. Ní ilẹ̀ wa níbí tí òjò ń rọ̀ láti Máàṣì títí dé Òkítóbà, ẹ fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí agolo fíìmù tí wọ́n gbé sórí àjà láti 1983.

Ó tún wá ku ọ̀rọ̀ négátíìfù. Nígbà yẹn kò sí láàbù tó lè fọ fíìmù aláwọ̀ dáadáa fún wọn nílé, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n á tẹ kọ́pì wá sílé, négátíìfù á dúró sọ́dọ̀ láàbù, torí pé ibẹ̀ ló tutù, ibẹ̀ sì ni wọ́n á tún ti tẹ òmíì tí kọ́pì bá bàjẹ́. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ láàbù ń gba owó ìtọ́jú, láàbù ń wọgbá, láàbù ń di ti ẹlòmíì. Ní 1986 tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé yẹn, dé, náírà já wálẹ̀, fíìmù ṣíṣe lórí ṣẹ́lúlọ́ìdì di ohun tí ọwọ́ ò tó mọ́, wọ́n bọ́ sórí fídíò, ta ló tún fẹ́ máa fi póùn sanwó ìtọ́jú fún agolo tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Adé Love kú ní 1996, ẹni tó mọ orúkọ láàbù, ẹni tó mọ nọ́ńbà rìsíìtì, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn lọ.

Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyí, ó sì dùn mí láti sọ ọ́, torí ohun tó gba fíìmù wọn là kì í ṣe ohun téèyàn ń kọrin yìn. Fáránsé ò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn òmìnira. Owó Fáránsé wà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, Párìsì ni wọ́n ti ń parí iṣẹ́ lórí ẹ̀, kọ́pì ẹ̀ sì wà ní Cinémathèque Afrique, ilé ìpamọ́ fíìmù Áfíríkà tí Fáránsé dá sílẹ̀ láti 1961. Sembène fúnra ẹ̀ bá wọn jà lórí ohun tí fíìmù ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ àti èdè tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé wà, àdéhùn wà, agolo wà níbi tẹ́nìkan lè lọ wá a. Àwọn tiwa lómìnira ju tiwọn lọ o. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Ọ̀gúńdé pé kó yọ àjẹ́ kúrò nínú fíìmù ẹ̀. Òmìnira yẹn náà ni ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìwé nípa ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù. Lọ́dún 1926, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Geoffrey Barkas wá ya fíìmù kan ní agbègbè Jọs, Palaver ni wọ́n pè é, wọ́n fi àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣeré níbi tí ọ̀gá òyìnbó ti ń ṣe olùgbàlà. Fíìmù yẹn wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ BFI, àjọ tó ń tọ́jú fíìmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sófo. Ti amúnisìn 1926 wà digbí, a wá ń wá ti Adé Love 1976 kiri.

Ẹnìkan á ní, àmọ́ mo rí fíìmù Yorùbá àtijọ́ lórí YouTube. Bẹ́ẹ̀ ni, o rí nǹkan kan. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀: ẹnìkan gbé kámẹ́rà fídíò dojú kọ ògiri tí wọ́n ń fi fíìmù hàn sí, ìyẹn di káséètì VHS, wọ́n da káséètì kọ sórí káséètì míì, wọ́n sọ ọ́ di VCD, ẹlòmíì gbé VCD yẹn sórí ayélujára. Fọ́tòkọ́pì tí wọ́n fọ́tòkọ́pì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lò ń wò yẹn. VCD tí à ń lò níbí, àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán ẹ̀ (píksẹ́lì) jẹ́ 352 ní ìbú, 288 ní òró. Blu-ray, díìsìkì tí wọ́n ń kó sínú páálí yẹn, jẹ́ 1920 ní 1080, ó fi ìlọ́po ogún jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tó wà ní FUTA, yunifásítì Àkúrẹ́ níbí, fi máa ń rò pé àwọn bàbá wa ò mọ kámẹ́rà dì mú. Àwọn bàbá mọ̀ ọ́n dì mú dáadáa, Ọlá Balógun kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ IDHEC ní Párìsì, ohun tí à ń wò kọ́ ni wọ́n yà.

Ohun tó jẹ́ kí n má tíì sọ ìrètí nù ni Shaihu Umar. Èdè Haúsá ni, Adamu Halilu ló darí ẹ̀ ní 1976, inú ìwé tí Tafawa Balewa, olórí ìjọba wa àkọ́kọ́, kọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọdún mẹ́lòó kan ni wọ́n fi gbà pé ó ti sọnù. Ní 2016 wọ́n rí agolo ẹ̀ nínú ìpamọ́ Nigerian Film Corporation ní Jọs. Ilé iṣẹ́ Arsenal ní Bẹ́líìnì bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Bẹ́líìnì ní 2018. Ó wà nílé látọjọ́ yìí, Jọs ló wà, agolo ni ẹnìkan ò ṣí! Lẹ́yìn ẹ̀ Yunifásítì Jọs dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Goethe ti Frankfurt láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mástà lórí títọ́jú fíìmù, tó túmọ̀ sí pé a ti ń ní àwọn ọmọ wa tó lè gbọ́ òórùn kíkan yẹn kí wọ́n mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àwọn Scorsese náà, pẹ̀lú UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn onífíìmù Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní FEPACI, ṣèlérí ní 2017 pé àwọn máa tún fíìmù Áfíríkà 50 ṣe. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí díẹ̀. Ẹni tó máa gbé agolo wọlé là ń wá.

Ọ̀rọ̀ òfin náà ti dé ojú ẹ̀ báyìí. Òfin àdàkọ tuntun wa, Copyright Act 2022, fún fíìmù ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Tá a bá ka Àjàní Ògún láti 1976, ìparí 2026 ni ẹ̀tọ́ yẹn pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni á lè gbé e jáde láìtọrọ. Àwọn kan ti ń yọ̀ pé ó parí, fíìmù ti di ti gbogbo èèyàn. Ẹ rọra ṣe é. Òfin ò lè fún ẹ ní agolo tí o ò mọ ibi tó wà, ẹbí tí agolo bá sì wà lọ́wọ́ wọn ò ní ìdí kankan láti gbé e jáde tí wọ́n bá mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ tó máa délé. Tèmi ni pé kí wọ́n tètè bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí ẹ̀tọ́ ṣì níye lórí, ti àwọn fíìmù tó tẹ̀ lé e pàápàá, Kádàrá, Ìjà Orogún, Ọ̀run Móoru, torí ọdún tiwọn náà ń bọ̀ tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ sì máa ní ta ló tún ń ra díìsìkì láyé yìí. Òótọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra fíìmù nígboro, lọ́nà Ọjà Ọba, ṣájà àti àpò fóònù ló ń tà báyìí, tí o bá fẹ́ fíìmù á ní kí o mú fláàṣì wá. Láptọ́ọ̀pù tuntun ò ní ojú díìsìkì mọ́. Ní Amẹ́ríkà gan-an Netflix fi òpin sí fífi DVD ránṣẹ́ ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2023. Páálí Criterion tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ga jù nínú ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là kí o tó sanwó ọkọ̀, tó bá sì tún dé, ọ̀pọ̀ Blu-ray wọn ni wọ́n tì mọ́ Ẹkùn A, ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ Ẹkùn B ni wọ́n pín Áfíríkà sí, ẹ̀rọ tó bá tọ́ sí wa ò ní í kà á. (Ti Gẹ̀ẹ́sì sàn fún wa níbẹ̀, àwọn BFI àti Eureka, Ẹkùn B ni tiwọn.) Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀ náà páálí ni mo fẹ́. Fíìmù tó wà lórí ẹ̀rọ ayélujára, ilé iṣẹ́ ló ń yá ẹ, ọjọ́ tí àdéhùn bá tán á pòórá láìdágbére, a sì rí i bí Amazon ṣe káwọ́ kúrò lórí fíìmù Áfíríkà ní 2024. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù: kò sẹ́ni tó lè ṣe páálí tó dáa láìkọ́kọ́ wá négátíìfù, láìkọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín, láìkọ́kọ́ tún un ṣe. Tí páálí bá ti jáde, ó ti túmọ̀ sí pé fíìmù yẹn ò kú mọ́, bí díìsìkì ẹyọ kan ò tiẹ̀ tà.

Ní tiwa ní Oǹdó, a ò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí bá a ṣe rò. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love gan-an, Ìlárá-Mọ̀kín tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí ló wá ya October 1 tó gbé jáde ní 2014. A ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ní Akùngbá, a ní òmíì ní Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó. Ọdọọdún làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń kọ pùrójẹ́ẹ̀tì, mélòó nínú ẹ̀ ni kì í ṣe àkọtúnkọ? Kí wọ́n rán wọn jáde, kí wọ́n lọ bá àwọn ọmọ eléré tíátà àti àwọn tó ń wa pùrójẹ́kítọ̀ nígbà náà, ìlú Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Òkìtìpupa, kí wọ́n béèrè ohun tó wà lórí àjà, kí wọ́n kọ orúkọ ara agolo sílẹ̀, orúkọ láàbù tó wà lára ẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, kí wọ́n má fipá ṣí i. Lẹ́tà kékeré tó wà lára agolo yẹn ni àwọn Bẹ́líìnì àti àwọn tó ń tún fíìmù ṣe ní Bologna, ní Ítálì, ń wá, òun ló ń júwe ibi tí négátíìfù wà.

Tẹ́nìkan bá ní kí n to páálí tèmi, mo ti mọ̀ ọ́n. Ti Ọlá Balógun á kọ́kọ́ wà, torí òun ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà nínú púpọ̀ nínú wọn: Àjàní Ògún, Ìjà Òmìnira, Aiyé, Ọ̀run Móoru, àti A Deusa Negra tó lọ yà ní Brazil ní 1978, tó so wá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Ti Ọ̀gúńdé á dá wà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sísàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ Yorùbá gidi náà sísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, torí ọfọ̀ inú Aiyé, ọ̀pọ̀ wa ni kò gbọ́ ìdajì ẹ̀, a kàn ń mì orí ni. Kí wọ́n wá bá wa kọ ìtumọ̀ Yorùbá sábẹ́ Xala náà, kí ìyá mi wo bí wọ́n ṣe dójú ti ọ̀gá oníṣòwò yẹn, mo mọ̀ pé á rẹ́rìn-ín kú. Ọ̀run Móoru ni mo máa kọ́kọ́ rà o, iye tí wọ́n bá pè é ni mo máa san, mi ò ní dúnàádúrà, bàbá yẹn ti pàdánù tó lọ́wọ́ wa.